Èèpo Iṣu Inú Ikùn Àgbò Iléyá

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Iléyá tó kọjá, lẹ́yìn tí àwọn ọkùnrin ilé wa ti ti Yídì dé tí wọ́n sì ti dúńbú àgbò, mo gbé àpótí jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń wo alápatà bí ó ti ń la ikùn ẹran náà. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin kan, tí kò ju ọmọ ọdún 9 lọ, lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí ọ̀bẹ ya àpò ńlá tí a ń pè ní ṣàkì, koríko lílọ̀ tí ooru ṣì ń rú lára rẹ̀ ya jáde sínú ọpọ́n, ó kún ọpọ́n náà dẹ́nu, òórùn kíkan bíi ti omi ògì tó ti lo ọjọ́ mélòó kan sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo imú, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ó na ìka sí nǹkan pẹlẹbẹ kan láàárín koríko náà, ó ní, “Ìyá àgbà, èèpo iṣu tí mo fún un lánàá nìyẹn. Ṣé kò tíì jẹ ẹ́ ni?”

Mo dá a lóhùn pé, “Ó ti gbé e mì, ọkọ mi, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ ẹ́.”

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, mo sì máa ń kọ ọ́ sójú pátákó lọ́dọọdún pé ìjẹun ni ọ̀nà tí ohun ẹlẹ́mìí ń gbà rí agbára àti ohun tí yóò fi dàgbà. Òótọ́ ni gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n kò fi ibi tí iṣẹ́ wà gan-an hàn. Ohun tó wà nínú ẹnu wa, tàbí nínú ikùn wa pàápàá, kò tíì di tiwa, àlejò ni. Àfi ìgbà tí a bá tú u palẹ̀ dé ibi tí kò ti jọ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́, tí ara sì wá fi èérún rẹ̀ mọ ohun tirẹ̀, ni a tó lè sọ pé a ti jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń jẹ ẹran àgbò fún ọgọ́ta ọdún kò fi hù ìwo. Díẹ̀ kín-ún ni ohun ẹlẹ́mìí tó sì lè dá gbogbo iṣẹ́ yìí ṣe láìsí olùrànlọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara àgbò náà, nítorí òun ló la ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Yàrá 4 ni ikùn àgbò ní, bíi ti ewúrẹ́ àti ti màlúù. Èkíní ni ṣàkì, tó tóbi ju gbogbo wọn lọ, tí ara inú rẹ̀ rí bíi tówẹ̀lì. Èkejì rí bí afárá oyin. Ẹ̀kẹta ní awẹ́ pẹlẹbẹ tó to lé ara wọn bí ojú ewé ìwé. Ẹ̀kẹrin nìkan ló jọ ikùn tiwa, tí ń sun omi kíkan. Ẹran gbọ́dọ̀ ní gbogbo yàrá wọ̀nyí nítorí pé koríko kì í ṣe oúnjẹ tó rọrùn. Ohun tí koríko fi le ni sẹ́lúlóòsì, òun kan náà ló wà nínú òwú àti nínú bébà. Ṣúgà ni ó so pọ̀ di sẹ́lúlóòsì, gẹ́gẹ́ bí ṣúgà ṣe so pọ̀ di sitáàṣì inú iṣu, ṣùgbọ́n ìdè tiwọn yàtọ̀ síra, kò sì sí ẹran elégungun ẹ̀yìn kan tí ara rẹ̀ ń ṣe èròjà tó lè tú ìdè ti sẹ́lúlóòsì. Àgbò náà kò lè tú u. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni, yóò máa jẹ koríko láàárọ̀ títí di alẹ́, ebi yóò sì pa á kú lórí pápá tútù.

Àwọn tó ń bá a ṣe é ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ṣàkì náà, tí wọ́n pọ̀ kọjá kíkà. Ó fún wọn ní ilé tó móoru, tí atẹ́gùn ọ́síjìn kò ráyè wọ̀. Ó ń gbé koríko bọ̀ fún wọn. Ó sì ń da itọ́ sí i kí kíkan rẹ̀ má bàa pọ̀jù. Itọ́ tí màlúù ńlá kan ń dà sínú oúnjẹ rẹ̀ lóòjọ́ lè ju lítà 100 lọ. Nígbà tí ẹran bá dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi lọ́sàn-án, tí àgbọ̀n rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀, àpọ̀jẹ ló ń jẹ: ó ń pọ èyí tó ti gbé mì padà sẹ́nu kí ó lè tún un lọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ lè rí ibi tí wọn yóò ti mú un. Wọ́n á wá sọ koríko náà di kíkan, bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò, àwọn ásíìdì tó ti inú ìkan yẹn jáde sì ni ara àgbò ń fà gba ara ṣàkì lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Agbára tó fi ń sáré, tó fi ń kàn wá níwo, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Òórùn tí ọmọ mi fi ọwọ́ dí imú sí, òórùn oúnjẹ àgbò ni.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń pọ̀ sí i ní wákàtí wákàtí, wọ́n sì ń bá koríko ṣàn lọ sí yàrá kẹrin. Níbẹ̀ ni omi kíkan ti ń pa wọ́n, tí àgbò sì ń jẹ wọ́n. Púpọ̀ nínú purotéènì tí ẹran tó ń jẹ koríko ń rí, ara àwọn kòkòrò tó ń bọ́ ni ó ti ń rí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa èyí ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, mo pa ìwé dé, mo sì lọ dúró síwájú agbo màlúù kan tó ń kọjá, nítorí mo rò pé mo mọ ohun tí màlúù ń jẹ.

Ehoro kò ní yàrá 4. Ìparí ìfun ni àwọn kòkòrò tirẹ̀ ń gbé, ìyẹn ni ó ṣe máa ń jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ kan tó ń yà, kí èrè iṣẹ́ wọn má bàa ṣòfò. Adìyẹ kò ní eyín, ó sì fi iwe rẹ̀ ṣe ọlọ. Ẹni tó bá ti ń la iwe adìyẹ ìbílẹ̀ mọ̀ pé òkúta wẹ́wẹ́ ń bẹ nínú rẹ̀.

Koríko tó wà nínú ọpọ́n wa ńkọ́? Níbo ni òun náà ti rí ara tó ní? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé láti inú ilẹ̀ ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan, àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, Jan Baptist van Helmont, ló kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n dán an wò dáadáa. Ó wọn erùpẹ̀ gbígbẹ 200 pọ́n-ùn sínú ìkòkò, ó gbin igi wílò kékeré tó wọn pọ́n-ùn 5 sínú rẹ̀, kò sì fún un ní ohunkóhun ju omi lọ. Ọdún 5 ni ó fi dúró. Nígbà tí ó tú igi náà, ó ti wọn nǹkan bíi pọ́n-ùn 169. Ó tún gbẹ erùpẹ̀ náà, ó wọ̀n ọ́n, áúnsì 2 péré ló dín. Igi ńlá ti jáde, ilẹ̀ sì wà níbẹ̀ bí ó ti wà. Ó kú ní ọdún 1644, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1648. Ó ní omi ni igi náà jẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé òun kan náà ló fún ayé ní ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní gáàsì, òun ló sì ṣàkíyèsí gáàsì tó ń jáde nígbà tí èédú bá ń jó. Gáàsì yẹn, tí a wá mọ̀ sí kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, ni ìdajì kejì oúnjẹ igi wílò rẹ̀, ó sì yí igi náà ká fún gbogbo ọdún 5 tó fi ń bomi rin ín.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn wá ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un. Joseph Priestley rí i ní 1771, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹ̀ka míńtì lè sọ atẹ́gùn tí àbẹ́là ti jó bàjẹ́ di èyí tí àbẹ́là tún lè jó nínú rẹ̀. Jan Ingenhousz fi hàn ní 1779 pé inú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ewéko ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, pé apá tó jẹ́ àwọ̀ ewé lára rẹ̀ nìkan ló sì ń ṣe é. Ohun tí a wá mọ̀ lónìí kò ṣòro láti sọ: ewé ń fa kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì gba àwọn ihò tíntìntín tó wà lára rẹ̀, gbòǹgbò ń fa omi gòkè, àwọ̀ ewé náà ń gba agbára lọ́wọ́ oòrùn, wọ́n á fi agbára náà so omi àti gáàsì pọ̀ di ṣúgà, ọ́síjìn tí àwa ń mí sì ni ohun tó ṣẹ́kù tí wọ́n dà nù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè gbà gbọ́ láìfi ojú rí i. Lọ́dọọdún, mo máa ń mú àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí ìdí igi òdòdó tó wà níwájú yàrá ìkàwé, a ó fi bébà dúdú bo ìlàjì ewé kan, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2. Ní ọjọ́ kẹta a ó já a, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná títí yóò fi rọ̀, a ó wá fi í sínú ọtí sípíríìtì, a ó gbé ife ọtí náà sínú omi gbígbóná kí iná má bàa kàn án. Àwọ̀ ewé náà á ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀, ọtí á di bí omi ewúro, ewé á sì funfun bí awọ ẹyin tí a bó. A ó ṣàn án nù, a ó tẹ́ ẹ sórí àwo, a ó sì kán áyódíìnì, omi oògùn pupa rúsúrúsú tí ó máa ń sọ sitáàṣì di dúdú, sí i lórí. Apá tí oòrùn rí yóò dúdú mọ́ búlúù, bí aró; apá tí a bò yóò wà ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa bí áyódíìnì ti wà. Ibi tí àlà bébà náà dé ni dúdú ti dúró, gbọ̀ọ̀rọ̀, bí ẹni fi rúlà fà á. Nígbà náà ni mo máa ń mú ègé iṣu sísè jáde láti inú àpò mi, tí mo máa ń kán áyódíìnì kan náà sí i. Òun náà yóò dúdú. Sitáàṣì ni ó wà níbẹ̀, sitáàṣì ni ó wà níhìn-ín. Ewé ló se oúnjẹ náà, iṣu kàn jẹ́ àká tí ó kó o pamọ́ sí ni.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe ajílẹ̀ ní oúnjẹ ewéko. Ohun tó wà nínú àpò ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ wa ń rà, tí wọ́n kọ NPK 15-15-15 sí lára, ni náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti potásíọ̀mù. Wọn kò fún ewéko ní agbára kankan. Wọ́n dà bí iyọ̀ àti irú nínú ọbẹ̀: ẹnikẹ́ni kì í fi iyọ̀ yó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí iyọ̀ rárá yóò ṣàìsàn. Áúnsì 2 tó dín nínú erùpẹ̀ van Helmont, tí ó kà sí ohun tí kò tó nǹkan, ó jọ pé irú àwọn èròjà báyìí ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí igi tó lè ṣe aláìní wọn.

Náítírójìn ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ni ìtàn rẹ̀ wọ mí lára jù. Kò sí purotéènì láìsí náítírójìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹran ara láìsí purotéènì. Náítírójìn pọ̀ lókè wa rẹpẹtẹ: nínú 100 atẹ́gùn tí à ń mí símú, 78 jẹ́ náítírójìn. Ṣùgbọ́n méjì méjì ni wọ́n ṣe dì mọ́ra, ìdìmọ́ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwa àti àgbò àti igi ìrókò fi ń mí i sínú, tí a sì ń mí i síta padà láìrí ohunkóhun mú nínú rẹ̀. Ebi ń pa ayé láàárín ọ̀pọ̀ yanturu.

Ìyá tó bí mi gbin ẹ̀wà sí ilẹ̀ tó ti gbin àgbàdo sí lọ́dún tó ṣáájú, kò sì mọ orúkọ náítírójìn. Ó kàn mọ̀ pé “ẹ̀wà ń tu ilẹ̀ lára” ni. Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tó ń tu ilẹ̀ lára náà, ẹ rọra fi ọkọ́ wú ìdí ẹ̀wà kan tó bá ti ń mú òdòdó jáde, ẹ má ṣe fà á, kí gbòǹgbò rẹ̀ má bàa já. Ẹ gbọn erùpẹ̀ nù. Ẹ ó rí kókó róbótó róbótó lára gbòǹgbò, àwọn mìíràn kò ju orí abẹ́rẹ́ onírorí lọ, àwọn mìíràn tó irúgbìn ata. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹran tútù, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá funfun tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́. Pípọ́n yẹn kì í ṣe àfiwé lásán: èròjà tó mú un pọ́n jẹ́ ìbátan èyí tó mú ẹ̀jẹ̀ wa pọ́n, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe, wọ́n ń gbé ọ́síjìn.

Àwọn bakitéríà ló ń gbé inú kókó náà. Ẹ̀wà fún wọn ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ sè, àwọn náà ń tú náítírójìn inú atẹ́gùn, wọ́n ń sọ ọ́ di èyí tí ẹ̀wà lè lò. Hermann Hellriegel, ará Jámánì, ló kéde èyí ní ọdún 1886, ó sì parí àríyànjiyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí ìdí tí ẹ̀wà àti àwọn ẹbí rẹ̀ fi ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Bí a bá wá da ajílẹ̀ náítírójìn púpọ̀ sí ìdí ẹ̀wà, kókó náà á dínkù, nítorí ewéko náà kò rí ìdí tí yóò fi máa bọ́ òṣìṣẹ́ tí kò nílò mọ́. Mo ti rí àgbẹ̀ tó ná owó lórí èyí tí ẹ̀wà rẹ̀ ìbá ṣe fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì máa ń dùn mí. Ní Ìbàdàn wa níbí, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tọ́jú irúgbìn ẹ̀wà tó ju oríṣi 15,000 lọ sínú àká tútù.

Kì í ṣe gbogbo ewéko ló ń fi tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn àgbà ní, afòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ni ó ń bá tan. Ẹni tó bá ní oko kòkó tàbí igi obì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ewé afòmọ́ ní àwọ̀ ewé o, ó sì ń se ṣúgà tirẹ̀. Omi àti èròjà ilẹ̀ ni ó ń jí mu, láti inú ẹ̀ka tó ti ki ara rẹ̀ bọ̀. Nítorí náà ìdajì olè ni. Ewéko mìíràn wà tó rí bí okùn òwú aláwọ̀ ìyeyè, tó máa ń bo ọgbà mọ́lẹ̀, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ewé kankan. Ìyẹn kì í sè rárá, èyí tí ẹlòmíràn sè ni ó ń jẹ.

Olú yàtọ̀ sí gbogbo wọn, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ṣì ń kà á mọ́ ẹ̀fọ́. Kò ní àwọ̀ ewé, kò bìkítà fún oòrùn. Òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ta sínú igi jíjẹrà ni ara rẹ̀ gan-an, èyí tí à ń ká lọ sílé kàn jẹ́ èso rẹ̀. Olú kò ní ẹnu, kò ní ikùn. Ìta ara rẹ̀ ni ó ti ń jẹun. Ó ń tú èròjà rẹ̀ sórí igi, èròjà náà á tú igi palẹ̀ níta, olú á wá fa èyí tó ti yọ́ sínú. Bí a bá rò ó dáadáa, àwa náà ń ṣe ohun tó jọ ọ́ nígbà tí a bá se igbá fún irú, tí a dì í sínú ewé, tí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta: a ti fi apá kan iṣẹ́ ikùn lé àwọn kòkòrò àìfojúrí lọ́wọ́ kí oúnjẹ náà tó kan ẹnu wa. Ikán mọ ọgbọ́n yìí ṣáájú wa. Àwọn ikán tó ń mọ òkìtì ńláńlá ń gbin olú sínú ilé wọn, wọ́n ń kó igi àti ewé gbígbẹ fún un, olú ń tú u, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Olú tó ń hù lórí òkìtì ikán nígbà òjò, tí adùn rẹ̀ kò ní ẹlẹ́gbẹ́ nínú ọbẹ̀, èso oko àwọn ikán ni.

Ó wá ku àwa ènìyàn. Ẹ bu iṣu sísè kan lásán sẹ́nu, láìfi epo sí i, ẹ jẹ ẹ́ lẹ́nu fún ìṣẹ́jú 2 láìgbé e mì. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Itọ́ yín ló ń tú sitáàṣì rẹ̀ padà sí ṣúgà, iṣẹ́ tí ewé ti ṣe ni ẹ ń tú. Láti ẹnu, ó kọjá sí ikùn, ó bọ́ sínú ìfun kékeré tó gùn tó nǹkan bíi mítà 6, níbi tí òróòro ti ń tú ọ̀rá sí wẹ́wẹ́, tí ara ìfun náà, tó rí bí ìrun tówẹ̀lì, sì ń fa èyí tó ti yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Okùn ẹ̀fọ́ àti ti ẹ̀wà tí a kò rí tú ń bọ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí tiwa nínú ìfun ńlá. Àwa náà ní àlejò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn gan-an kò hàn sí ẹnikẹ́ni dáadáa títí di ìgbà tí ìbọn ṣèèṣì bá ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kánádà kan, Alexis St. Martin, ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1822. Dókítà ológun, William Beaumont, tọ́jú rẹ̀, ó sì yè, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ náà kò dí. Ihò kan ṣí sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ inú ikùn lọ. Láti 1825, Beaumont ń so ẹran, búrẹ́dì àti ewé kábéèjì mọ́ okùn sílíkì, ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ gba ihò náà, ó sì ń fà wọ́n jáde ní wákàtí wákàtí láti wo bí wọ́n ti yọ́ tó. Ó bu omi ikùn náà sínú ìgò, ó mú un móoru, ẹran yọ́ nínú rẹ̀ lórí tábìlì. Èyí ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ikùn kì í kàn í gún oúnjẹ bí odó, ó ń fi omi ara rẹ̀ tú u ni. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1833. N kì í sọ ìtàn yìí láìfi kún un pé tálákà ni St. Martin, pé owó ọ̀yà ni ó fi ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìdánwò náà, àti pé òun ni ebi àti ìrora rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìmọ̀ tí à ń kọ́ lórí ìjókòó, ara ẹnìkan ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Purotéènì ni ibi tí títú àti títún mọ yìí ti hàn jù. Mo máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Purotéènì dà bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ gígùn, oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ni a sì fi ń sín in. Nígbà tí a bá jẹ ẹran tàbí ẹ̀wà, ara á já okùn náà, á kó ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ jọ, á sì tún un sín sí bátànì tirẹ̀, fún iṣan, fún irun, fún ẹ̀jẹ̀. Ara lè fúnra rẹ̀ ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà, ṣùgbọ́n 9 wà tí kò lè ṣe. Àfi kí ó rí wọn nínú oúnjẹ. Bí ọ̀kan péré nínú wọn bá wọ́n, iṣẹ́ á dúró, bí ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tí ìlẹ̀kẹ̀ pupa rẹ̀ tán kí bátànì tó parí, bí ó tilẹ̀ ní igbá funfun kan.

Ọ̀kan tí àgbàdo kò ní tó ni láísìnì. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn ń pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó, tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí ẹ̀kọ àgbàdo nìkan sì kù fún wọn. Ní 1935, ó lo orúkọ tí àwọn ìyá tó ń sọ èdè Gà ń pè é: kwashiorkor, àìsàn tí ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Àwọn ìyá náà ti mọ ohun tó fà á kí dókítà tó dé, wọ́n ti fi í sínú orúkọ. Àwọn onímọ̀ ti rí i lẹ́yìn náà pé àìtó purotéènì nìkan kò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí àwòrán àwọn ọmọdé ìgbà ogun abẹ́lé wa, láti 1967 sí 1970, tó lè gbàgbé bí ikùn wọ́n ṣe wú.

Ẹ̀wà ní láísìnì dáadáa. Èyí tó wọ́n nínú rẹ̀ jẹ́ òmíràn, tí àgbàdo sì ní. Nítorí náà, ẹni tó fi àkàrà mu ẹ̀kọ láàárọ̀, tàbí tó fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ tútù, ti kó ìlẹ̀kẹ̀ gbogbo jọ sójú kan. N kò mọ ìyá àgbà tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá dúró níwájú alákàrà, tí mo ń wò ó bí ó ti ń fi ṣíbí bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo: náítírójìn inú atẹ́gùn, tí kókó gbòǹgbò mú wálẹ̀, tí ewéko fi sínú èso, ni ó ń dín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Iléyá náà, nígbà tí a ti pín ẹran tán, ọmọ mi bá mi gbé ọpọ́n koríko náà lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn kànga. Ó bi mí bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò jẹ ẹ́. Mo ní kò lè jẹ ẹ́ báyìí, ekòló, ikán, olú àti àwọn kòkòrò àìfojúrí ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò wá mu èyí tí wọ́n bá ti tú. Ó fi igi kan sàmì sí ibi tí èèpo iṣu náà wà kí ó tó fi erùpẹ̀ bò ó. Ó ti padà sí Ìlọrin lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ báyìí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà mú ọmọ jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó sì pè mí lórí fóònù pé kí n jọ̀wọ́ wú ibẹ̀ wò bóyá èèpo iṣu òun ṣì wà. Mo mú ọkọ́ kékeré lọ ní àárọ̀ àná. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀, ekòló pọ̀ nínú rẹ̀. Igi tó fi sàmì ṣì wà lóòró. Mo wú ìdí rẹ̀ yíká, n kò rí èèpo iṣu kankan.